Iṣu Tuntun Tó Ń Jẹrà Dè Mí

Ẹ kú ilé o, Yèyé mi. Ẹ kú òjò, ẹ kú ìrọ́jú. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Mo kí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi. Mo kí Bọ́sẹ̀ àbúrò mi àtàwọn ọmọ rẹ̀. Inú ìwé ìròyìn ni mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sí, kí gbogbo abúlé lè kà á, nítorí bí mo bá fi ránṣẹ́ sí ẹ̀yin nìkan, abẹ́ ìrọ̀rí lẹ máa tẹ̀ ẹ́ sí.

Òtútù ti dé sí Kánádà níbí. Ilé ńlá kan tí wọ́n ń kó oúnjẹ pamọ́ sí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, inú rẹ̀ sì tutù ju ìta lọ. Pòtétò ni mò ń ṣà. Èyí tó bá ní àbàwọ́n bíńtín, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ nù. Mo lè lo ọjọ́ mẹ́ta láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, àfi pòtétò.

Láti ìgbà tí Bàbá ti kú, èmi àkọ́bí ọkùnrin ni olórí ilé. Ẹ sì mọ̀ pé ní ilé tiwa, ẹnikẹ́ni kì í jẹ iṣu tuntun àfi tí olórí ilé bá fi ọ̀bẹ Bàbá gé e, tó sì kọ́kọ́ fẹnu kàn án; ẹ ní bí ẹlòmíì bá ṣáájú rẹ̀ jẹ ẹ́, olórí ilé á kú. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń sọ pé mò ń bọ̀. Bọ́sẹ̀ á kọ ebè lẹ́ẹ̀rùn, á gbin èbù, á ro oko nínú òjò, á fi ìtàkùn lé igi, á wa iṣu, á sì tò ó jọ. Ẹ̀yin á wá ní ọ̀bẹ ò gbọdọ̀ kàn án, Ṣẹ́gun ń bọ̀. Ẹ ò gbà kó bẹ ẹ́ ṣe èlùbọ́ pàápàá. Kéékèèké tó bá hù nìkan lẹ̀ ń jẹ́ kó tún gbìn, ìyókù á rọ̀, á jẹrà. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà ń jẹ gàrí, odó ń dún nílé gbogbo aládùúgbò.

Bọ́sẹ̀ pè mí lóṣù tó kọjá. Ó ní Mojí, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà, sun iṣu kan jẹ lóko, ẹ sì nà án ní pàṣán títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi bó. Ẹ ní ṣé ó fẹ́ kí n kú sí ìdálẹ̀ ni. Bọ́sẹ̀ ń sunkún, ó ní kí n bẹ̀ yín, kí n yọ̀ǹda iṣu náà. Mo ní bí ilé ṣe rí nìyẹn, kó fara dà á.

Yèyé mi, inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá mi níbí ò mọ orúkọ mi, àmọ́ mo ní ilé kan tí ebi ń pa wọ́n nítorí mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù. Ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Gánà kan wà nítòsí mi. Lọ́dọọdún, ọjọ́ tí iṣu tuntun bá dé ibẹ̀ ni mo ń rà á. Mo ń sè é, mo sì ń fi ẹyin díndín jẹ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti jẹ ẹ́, tí ẹ̀yin ń ṣọ́ ẹnu mi. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, bẹ́ẹ̀ èmi ò tilẹ̀ ní í délé. Ìwé mi pé, kò sẹ́ni tó dí mi lọ́nà. Mi ò fẹ́ wá ni.

Ẹ fi ọ̀bẹ Bàbá lé Bọ́sẹ̀ lọ́wọ́. Bàbá Kékeré á ní obìnrin kì í gé iṣu nílé yìí. Ẹ bi wọ́n pé ebè mélòó ni wọ́n kọ lọ́dún yìí. Mojí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún jẹ, kẹ́ ẹ sì bẹ̀ ẹ́, kódà bí ìtìjú bá fẹ́ pa yín.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún Bọ́sẹ̀. Iṣu yín ò ní jẹrà mọ́. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà. Bí ẹ bá gúnyán, ẹ má bu tèmi sílẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Ṣẹ́gun