Apá Ẹ̀wù Nìkan Ni Ọmọ Mi Mọ̀ Ọ́n Rán

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Atúnrán, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ̀rù ń bà mí pé èmi fúnra mi ni mo ba ọ̀la ọmọ mi jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ mẹ́ta, n kò sì rí ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún.

Má bínú pé n kò tíì kí ọ. Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ tuntun yẹn ńkọ́? Ìwọ náà, ṣé o ṣì ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìlo awò? Ara tiwa le, ọkàn ni kò balẹ̀.

O mọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tí àkọ́bí mi obìnrin ní. Máṣíìnì méjì ló fi bẹ̀rẹ̀ ní pálọ̀ mi níbí. Nígbà tó kọ́kọ́ gba iṣẹ́ aṣọ ilé-ìwé, ó ní òun fẹ́ kọ́ àwọn tó ń bá òun ṣiṣẹ́ bí Ọ̀gá ṣe kọ́ àwa méjèèjì níṣẹ́ aránṣọ, láti orí wíwọ̀n dé orí bọ́tìnnì. Èmi ni mo ní kó má dán an wò. Mo ní, "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n mọ iṣẹ́ tán, kí wọ́n lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ni? Fún ẹnì kan ní kọ́là, fún ẹnì kan ní apá. Iṣẹ́ á yá." Iṣẹ́ sì yá! Máṣíìnì méjì di mẹ́rìnlélógún. N kò ní purọ́, èrè rẹ̀ la fi pààrọ̀ páànù ilé yìí, òun náà la fi ṣiṣẹ́ abẹ ojú ìyá wọn. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, èyí tí o máa ń gbé sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ, apá ni wọ́n fún un. Ọdún mẹ́jọ ló fi rán apá.

Ní báyìí, àbúrò yìí fẹ́ gbéyàwó, ó ní òun fẹ́ dá dúró. Ó lọ wá iṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan. Wọ́n gbé aṣọ àti àlùmọ́gàjí síwájú rẹ̀, wọ́n ní kó gé ẹ̀wù kan. Ó mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ó ní apá nìkan lòun mọ̀ ọ́n rán. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé apá nìkan ni wọ́n ń wọ̀ nílé yín ni? Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?"

Ọmọ mi dáhùn pé, "Bàbá mi ni."

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Kò pariwo. Ìbá tiẹ̀ pariwo!

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọmọ mi obìnrin, mo bi àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ léèrè ẹni tó lè dá ẹ̀wù kan rán tán. Obìnrin tó ń rán kọ́là ní, "Bàbá, tí gbogbo wa bá kóra jọ, a máa rán an." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ mi obìnrin kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ ṣáà ní ká ṣe é bẹ́ẹ̀."

Ṣé o rántí tíṣà ọrọ̀ ajé wa, tó máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kun imú? Ó ní ìbísí ọrọ̀ ajé ni kí ohun tí à ń ṣe pọ̀ sí i. Ìdàgbàsókè ni kí ẹni tó ń ṣe é di ẹni tó lè ṣe ju ti àná lọ. Ó ní èkíní lè bọ́ èkejì, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò bá gbé oúnjẹ náà fún un, ebi ni yóò pa á. Mo há a sórí, mo gba máàkì. Ìgbà tí rédíò bá ní ọrọ̀ ajé ti bí sí i, èmi ni mo máa ń pàtẹ́wọ́. Máṣíìnì ni mo ń kà nínú ṣọ́ọ̀bù ọmọ mi, n kò ka èèyàn.

Ọmọ mi obìnrin ti gbà láti máa pààrọ̀ iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí olúkúlùkù lè mọ gbogbo rẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ aṣọ ilé-ìwé tuntun ti tún dé, n kò mọ̀ bóyá yóò lè ṣe é.

Ọwọ́ tèmi ti ń gbọ̀n, n kò lè di àlùmọ́gàjí mú mọ́. Jọ̀wọ́, gba ọmọ yìí lọ́wọ́ mi. Ó ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ojú sì ń tì í, ṣùgbọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ láti orí ṣọ́ọ̀kì. Tó bá rán an wọ́, ní kó tú u, bí Ọ̀gá ṣe máa ń ṣe fún ọ, tí èmi Ayárarán á máa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ lo kọ́ṣẹ́ lọ́jọ́ wọ̀nyẹn.

Bá mi kí ìyàwó àti gbogbo ilé. Ọmọ náà ní tí òun bá fojú ara òun rí ìwé rẹ, òun á di ẹrù òun. Tètè kọ̀wé sí mi, kó má lọ padà sídìí apá.

                                        Èmi ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
                                        Ayárarán.