Bùṣì Kúkúrú Inú Táyà Ẹ̀yìn

Ọ̀rẹ́ mi Jẹ́jẹ́,

Mo kí ọ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí ẹni tó wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo lérò pé ara rẹ le, pé ẹ̀yìn tí o fi ń ru ẹrù níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta kò dùn ọ́ jù. Bí o bá béèrè tèmi, oúnjẹ ń lọ, oorun ni kò wá. Má wo bí ìkọ̀wé mi ṣe rí; o mọ̀ pé èmi àti ilé-ìwé kò bára wa dalẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò gùn. Èmi ni mo dá ọ lóhùn lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ọ̀gá tó ń kọ́ wa níṣẹ́.

Rántí bó ṣe rí. Táyà ẹ̀yìn alùpùpù ìyá agbẹ̀bí wà nílẹ̀ níwájú rẹ. O ti fọ ilé bẹ́ríǹgì, irin tó ń jẹ́ kí táyà yí, o ti fi gíríìsì pa á. Bùṣì méjì, irin róbótó oníhò, ló wà nínú abọ́ epo, nítorí alùpùpù méjì la tú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n jọra bí ìbejì, àfi pé ọ̀kan fi bí ìbú èékánná kúrú ju èkejì. Ìwọ kì í méfò ohun tí o lè béèrè, ìdí tí a fi ń pè ọ́ ní Jẹ́jẹ́ nìyẹn. O gbé ọ̀kan sókè, o kígbe sí yàrá irinṣẹ́ pé, "Ọ̀gá, ṣé eléyìí ni?"

Ọ̀gá kò sí níbẹ̀. Ó ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ wẹ̀. Èmi ni mo wà nínú yàrá náà, mò ń wá súkúrù. Mo yọjú láti ihò pákó, mo rí i pé èyí tó kúrú lo mú, èyí tí kì í ṣe ti ìyá agbẹ̀bí. Mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì bí ọ̀gá ti ń wúkọ́, mo fi imú fa ọ̀rọ̀ bí i tirẹ̀, mo ní, "Òun náà ni. Àbí kí n wá bá ẹ fi í sí i ni?"

O ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá."

Mo fọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà pa mí. Èrò mi ni pé tí o bá fún nọ́ọ̀tì le tán, táyà kò ní yí, wàá tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, èmi á wá jáde fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọgbọ́n ẹni tó kọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́jọ nìyẹn. Táyà yí. Ó yí geere, o sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo wá sọ fún ara mi pé bóyá bùṣì yẹn kò tiẹ̀ ń ṣe nǹkan kan. Ní báyìí ni mo mọ̀ pé òun ló ń ya bẹ́ríǹgì méjèèjì sọ́tọ̀. Tó bá kúrú, nọ́ọ̀tì á máa fún wọn pọ̀ títí wọn á fi jóná.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n fọ́, tí táyà há lójú ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni ìyá agbẹ̀bí fi gba ilẹ̀ nígbà tó ṣubú.

O sọ fún ọ̀gá pé òun ló ní kí o fi í sí i. Ọ̀gá ní òun wà ní balùwẹ̀, pé ẹni tó ṣàṣìṣe lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó fi irọ́ bò ó kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan alùpùpù ẹnikẹ́ni. Oṣù méjì péré ló kù kí o parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ. O kó aṣọ rẹ sínú àpò. Mò ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Mi ò gbójú sókè.

Èyí tó burú jù nìyí. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ iṣẹ́ tó kù ní kí n sín ọ jẹ, bí o ṣe ń bẹ ọ̀gá. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ọ̀gá, mo gbọ́ yín, etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ yín." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni gbólóhùn yẹn ti ń dún létí mi, ohùn rẹ ló sì ń dún, kì í ṣe tèmi.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo jẹ́wọ́. Ọ̀gá kò gbà. Ó ní aláwàdà burúkú ni mí, pé ìwọ lo rán mi. Mo wá kọjú sí ilé, níṣojú ọ̀gá gan-an, mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo ní, "Ìyàwó mi, omi wíwẹ̀ mi dà?"

Ìyàwó rẹ̀ dáhùn láti inú ilé, ó ní, "Ó ti wà ní balùwẹ̀, olówó orí mi. Ẹ tètè, kó tó tutù."

Mo dúró de ìgbátí. Ọ̀gá kò gbá mi. Ó ká ọwọ́ méjèèjì lérí, ó ní, "Ọmọ olọ́mọ sọ òótọ́ fún mi, mo lé e."

Ó lọ bá bàbá rẹ. Bàbá rẹ ní o ti búra pé o kò ní fọwọ́ kan sípánà mọ́, pé o ní etí rẹ ń tàn ọ́ jẹ, pé o máa ń dédé dìde bi wọ́n nínú ilé bóyá wọ́n pè ọ́. Jẹ́jẹ́, etí rẹ kò ṣe nǹkan kan. Ẹnì kan pè, o gbọ́. Nítorí èyí ni mo ṣe kọ ìwé yìí.

Lẹ́yìn náà, ọ̀gá tẹ́ aṣọ sílẹ̀ níwájú mi, ó kó ẹ̀yà táyà ìyá agbẹ̀bí lé e: bẹ́ríǹgì tuntun méjì, bùṣì gígùn, rọ́bà, búréèkì, ọ̀pá àárín, nọ́ọ̀tì. Ó ní kí n tò wọ́n pọ̀. Tí mo bá ṣì í, yóò tọ́ka. Táyà náà yí, kò mì rárá. Ìyá agbẹ̀bí wá wò ó, wọ́n fi aṣọ gbé ọwọ́ rẹ̀ kọ́rùn. Ó fi ọwọ́ òsì yí i, ó ní, "Ó dára. Ẹ wá ẹni tí yóò máa gùn ún." Dókítà ti ní ìka rẹ̀ kò ní ká mọ́ bó ṣe yẹ. Ọwọ́ yẹn ló gbà mí wá sáyé.

Mi ò ní kí o dárí jì mí. Ọ̀gá ní kí o wá parí oṣù méjì rẹ. Tí o kò bá fẹ́ rí mi, mi ò ní sí níbẹ̀. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́ tó, mi ò rò pé wàá wá.

Kí Ọlọ́run fún egungun rẹ lókun lábẹ́ ẹrù yẹn. Kí ó má jẹ̀ẹ́ kí ẹni tí yóò fi ọ́ ṣẹ̀sín tún rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ rẹ, kódà kó jẹ́ èmi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó fi ẹnu ẹlòmíràn bà ọ́ jẹ́,
Odídẹ.

Mo tún rántí: lánàá, ọ̀gá pe ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti inú yàrá. Kò dáhùn. Ìyàwó náà jáde síta, ó wá wo ẹnu mi, bóyá èmi ni mo pè é.