Màmá Alágbàfọ̀, Ẹni Tó Kọ́kọ́ Gbé Báàfù Kúrò Létí Odò

Ọdún 1951 ni a bí Màmá, nínú ilé oníyàrá mẹ́ta tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ dojú kọ odò. Atukọ̀ ni bàbá wọn, alágbàfọ̀ ni ìyá wọn. Ọmọ karùn-ún ni Màmá, àwọn nìkan ló sì yè nínú márààrún.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1958. Ikú bàbá wọn ló dá ìwé náà dúró, ni wọ́n bá tẹ̀lé ìyá wọn lọ sídìí ọṣẹ.

Ní 1973, wọ́n fẹ́ awakọ̀ katapílà kan tó máa ń kó aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wá. Màmá ní, «Ẹrẹ̀ aṣọ yìí pọ̀ jù, ó kúkú sàn kí n fẹ́ ẹni tó ni ín.» Ọmọ mẹ́rin ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ. Àkọ́bí kọ́ iṣẹ́ bàbá rẹ̀.

Ọgbọ̀n ọdún ni Màmá fi fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn létí odò. Ní 2004, àwọn apẹja ìsàlẹ̀ odò wá da òkú ẹja sínú báàfù wọn. Màmá bú wọn dalẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ka òkú ẹja náà lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó dà á nù.

Nígbà tí àdúgbò pe ìpàdé lórí ẹni tó ń ba odò jẹ́, alápatà ń nàka sí mẹkáníìkì, mẹkáníìkì ń nàka sí alágbàfọ̀. Màmá dìde, wọ́n ní, «Ẹ yéé nàka síra yín. Ọ̀dọ̀ mi ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.» Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kó báàfù wọn lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n gbẹ́ kòtò fún omi ọṣẹ. Ojú ti àwọn yòókù. Mẹkáníìkì ń gbe ọ́ìlì dúdú sínú dírọ́ọ̀mù, alápatà kó pákó ẹran rẹ̀ kúrò létí odò. Ará òkè odò àti ará ìsàlẹ̀, ó lé ní igba èèyàn, para pọ̀ gbin igi yí orísun odò ká. Bí ìsìn bá ti parí lọ́jọ́ Àìkú, ibẹ̀ ni Màmá ń gbà lọ ro koríko. Ní 2012, ẹja padà.

Ní 2019, àwọn onílẹ̀ ta orísun náà fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Àkọ́bí wá bá Màmá.

«Màámi, èmi ni wọ́n ní kí n lọ hú àwọn igi náà.»

«Kí lo wá sọ fún wọn?»

«Ọmọ mẹ́ta ló ń wò mí lójú, Màámi.»

Màmá bu oúnjẹ fún un. Ó jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màmá lọ jókòó sídìí igi. Nínú gbogbo àwọn tó gbin igi, èèyàn méje péré ló yọjú. Àkọ́bí sọ̀kalẹ̀ lórí katapílà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìyá rẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, ó sì padà sórí ẹ̀rọ. Kí ó tó di ọ̀sán, kò ku igi kan.

Kò pé ọdún méjì tí orísun náà fi gbẹ. Omi gọ́tà ló ń ṣàn nínú odò báyìí, àwọn mẹkáníìkì sì ti padà sí àṣà wọn. Wọ́n ní kí ni àwọn ń dáàbò bò mọ́? Màmá sọ fún gbogbo ayé pé àwọn ti dárí ji ọmọ àwọn. Ọmọ náà ni kò gbà gbọ́.

Lórí ibùsùn ìkẹyìn, Màmá ní, «Ẹ má purọ́ nítorí mi nínú ìwé òkú mi.» Nítorí náà, àkọ́bí ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn igi náà síbí. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, ọdún 2024, ni Màmá dákẹ́. Omi tí wọ́n fi wẹ̀ wọ́n gbẹ̀yìn, ọkọ̀ tánkà ló gbé e wá.

Ọkọ wọn ti ṣáájú. Ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá àti àtọmọdọ́mọ méjì ló gbẹ̀yìn wọn.

Màmá, ẹ ti ṣe tiyín. Àwọn tó kù ni kò ṣe tiwọn. Ẹ sùn fọnfọn. Kí Olódùmarè má jẹ́ kí àlá kankan jí yín.