Mo Gba Òdo Nítorí Pé Mo Mọ Ọ̀rọ̀ Sọ

Asuboa,
Ọjọ́bọ̀.

Konadu ọmọ mi, ìwọ tí o ń jẹ́ orúkọ ìyá tó bí mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Accra? Yaw ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí wọ́n fi iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ dójú tì yín bí wọ́n ṣe fi tèmi dójú tì mí. Ìyá rẹ ń kí ọ. Kòkó wa so, ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, n kò lè rí ìbejì ewúrẹ́ kí n rẹ́rìn-ín.

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi jẹ́ agbẹnusọ Nana ọba wa kí etí mi tó di, tí wọ́n gba ọ̀pá agbẹnusọ lọ́wọ́ mi fún Kwaku Anane, ẹni tó ń jíṣẹ́ ọba bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ ilé ìwé. Nígbà tí wọ́n fi irin ìgbọ́ràn sí mi létí ní Kumasi, tí wọ́n lẹ èkejì mọ́ mi lórí, àwọn àgbà ní bí ìwé ilé ìwòsàn bá ti lè sọ pé mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀, àwọn á dá ọ̀pá mi padà ní ọjọ́ ọdún Akwasidae tó ń bọ̀. Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ lọ ṣe ìdánwò nìyẹn.

Obìnrin onídígí ojú kan nílé ìwòsàn ní kí n jókòó síwájú àpótí kan bíi rédíò. Ọkùnrin kan wà nínú ẹ̀. Mo kí i, kò dáhùn. Mo bi í bóyá ooru ò mú un níbẹ̀, kò dáhùn, aláìlẹ́kọ̀ọ́! Obìnrin náà ní ohun tí ọkùnrin yẹn bá sọ ni kí n tún sọ. Mo ní iṣẹ́ mi gan-an lẹ bá mi sọ yìí. Ọkùnrin náà ní oúnjẹ ti tutù. Ta ló ń jíṣẹ́ ọlọ́wọ̀ ní ìhòòhò báyẹn? Mo dìde, mo sọ aṣọ kúrò léjìká, mo ní ẹ̀yin àgbà, ẹ gbọ́, kó sì dé etí gbogbo ilé: fufu tí a fi ìfẹ́ gún ti ń retí wa títí, ooru ti fi í sílẹ̀, ẹ má bínú sí ìyálé. Obìnrin náà fa ìlà pupa sínú ìwé rẹ̀. Ọkùnrin náà ní ọmọ ń sunkún, mo ní àlejò kékeré ń fi omijé kí ìyá rẹ̀. Ìlà pupa! Nígbà tó yá, wọ́n kó ariwo ọjà sí i lẹ́yìn. Ẹnìkan ń jíṣẹ́, àwọn kan ń pariwo! Mo ní kí wọ́n panu mọ́.

Òdo nínú ogún! Ìwé ní n kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Mo ní mo gbọ́ gbogbo ẹ̀, mo tún un ṣe ni. Obìnrin náà ní bí mo ṣe gbọ́ ọ ni kí n sọ ọ́. Mo ní ẹni tó bá sọ ọ̀rọ̀ ọba bó ṣe gbọ́ ọ, ìlú ló fẹ́ tú. Ẹmẹ̀ẹ̀ta lóòjọ́ ni Anane ń gbé ọ̀pá mi kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi báyìí, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà oko rẹ̀ ò gbabẹ̀.

Fi owó bátìrì irin náà ránṣẹ́, kí o fi ti ẹja gbígbẹ ìyá rẹ kún un.

Ó ku ẹyọ kan. O pè mí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a dágbére, o rò pé o ti pa fóònù. O sọ fún Yaw pé Bàbá ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, irin yẹn ò ṣiṣẹ́, kí wọ́n kúkú fi ọ̀pá sílẹ̀ fún Anane ká rójú. Yaw ní kí o rọra. O ní ṣebí n kò lè gbọ́.

N kò fi iyọ̀ sí i, n kò fi epo sí i. Bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ nìyẹn. Mú lẹ́tà yìí lọ bá obìnrin onídígí náà kí Akwasidae tó pé, kí ẹ jọ máàkì rẹ̀.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ọjọ́ alẹ́ tó dára, àti ọmọ tí yóò máa sọ̀rọ̀ rẹ ní rere nígbà tí ó bá rò pé o ò gbọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Kwabena Dapaah,
Agbẹnusọ Nana.