Màjígí Kì í Ṣe Jígí

Àgọ́ Aláàásà,
Lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́,
9 Oṣù Kẹta, 1982.

Sí Tàjúdíìn Àkànní, ọmọ mi, ọkọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ẹ̀rọ ìránṣọ ń yí dáadáa? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí abẹ́rẹ́ gún ọ lọ́wọ́, kí oòrùn Sókótó má sì gbẹ ọ́ bí ẹja. Àmín. Ara mi le, àfi orúnkún mi tí kò tíì gbàgbé mọ́tò ọjọ́ méjì tó gbé mi wá sọ́dọ̀ rẹ. Àlàkẹ́ àbúrò mi kí ọ, ewúrẹ́ rẹ sì ti bí méjì. Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí o, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè ní kí olùkọ́ ẹ̀kọ́ àgbà bá wa kọ.

Lákọ̀ọ́kọ́ ná, jọ̀wọ́ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ lọ́dọ̀ àwọn télọ̀ ẹgbẹ́ rẹ. Sàrátù tó ń ṣe irun ní Mabera lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ wálé Iléyá, ó ní o kì í jókòó sílé mọ́, pé màjígí ló gbà ọ́ lọ́kàn. Mo dé Tudun Wada, mo kí Kulu ìyàwó onílé rẹ ní sànnú, mo béèrè rẹ, ó na ọwọ́ síta, ó ń pe màjígí, màjígí. Ta ni kò ní gbọ́ jígí níbẹ̀? Télọ̀ tó bá ti ń wá jígí ojú kiri, ojú rẹ̀ ti ń lọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ mo ti sunkún láti Jẹ́bà títí mo fi dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n ìwọ náà ò ṣe é dáadáa. O jẹ́ kí n fi tìróò sí ojú rẹ méjèèjì tán kí o tó bi mí pé ta ni ojú ń dùn.

Nígbà tí o wá mú mi lọ síbẹ̀, tí mo rí i pé sinimá ni àwọn Hausa ń pè ní màjígí, àánú àwọn òyìnbó inú fíìmù yẹn ló kọ́kọ́ ṣe mí, nítorí kò sí àwọ̀ kankan lára wọn, dúdú àti funfun lásán, bí ẹni pé gbogbo ìlú wọn ń ṣàìsàn. O ní kí n tó bí ọ ni wọ́n ti ṣe é, ó sì yà mí lẹ́nu pé wọn ò gbó rárá láti ọjọ́ náà. Nígbà tí ẹni tó ń tẹ dùùrù fi ẹsẹ̀ ta àga rẹ̀ dànù, mo rò pé ìjà ti dé ni mo ṣe dìde tí mo ń bẹ̀ ẹ́, kì í ṣe pé mo fẹ́ dí àwọn tó wà lẹ́yìn lójú. Ẹnì kan dùbúlẹ̀ lé gòjé ńlá rẹ̀ lórí, ó sì ń ta á lọ. Ṣòkòtò àwọn ọmọkùnrin wọn fún mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ débi pé mo ní télọ̀ wọn ti jí aṣọ wọn, àfìgbà tí mo rí síkẹ́ẹ̀tì àwọn obìnrin wọn tó ń ṣí bí agbòjò ni mo tó mọ ibi tí aṣọ gbà lọ.

Ọmọ mi, mo ti mọ ìdí tí o fi ń lọ. Kò sí ẹni tó ń bínú pẹ́ títí níbẹ̀. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ìjà, gìtá á dún, ẹsẹ̀ wọn á sì gbàgbé ìjà. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, n kò rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìròyìn ilé wá nìyí, ó sì le. Alfa Hùsèínì, bàbá Bùsírátù àfẹ́sọ́nà rẹ, ti gbọ́ nípa màjígí. Ó ní òun ò ní fi ọmọ òun fún ẹni tó ń wo àwọn tó ń gbọn ìdí, pé kí a wá kó ẹrù ìdána wa. Ọjọ́ méjì ni Bùsírátù ò fi jẹun. Ni mo bá wọ bàtà, mo lọ bá Alfa. Mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ irú èyí gan-an ló wà nínú fíìmù náà, pé bàbá ọmọbìnrin ibẹ̀, ọkùnrin onífìlà ńlá kan, ò fẹ́ fojú kan ọmọkùnrin onígìtá tó ń fẹ́ ọmọ rẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ júwe ijó wọn níwọ̀nba, nítorí orúnkún mi. Ògiri ni Alfa ń wò, ṣùgbọ́n sálúbàtà rẹ̀ ń lu ilẹ̀, ìyàwó rẹ̀ náà rí i.

Ó wá rọra bi mí pé ṣé bàbá yẹn fún un lọ́mọ nígbẹ̀yìn. Mo ní ó fún un, pé òun gan-an gbá etí kóòtù rẹ̀ mú, ó sì jó. Alfa ní bí aláìgbàgbọ́ lè ṣàánú ọmọ rẹ̀ tó báyẹn, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ pé ọkàn òun ló le jù. Ó ti fi yìgì sí lẹ́yìn ààwẹ̀.

Nítorí náà, bá mi fi owó obì àti owó aṣọ rán Sàrátù bó bá ń bọ̀. Rán síkẹ́ẹ̀tì kan tó ń ṣí bí tiwọn fún Bùsírátù, kí ó gùn dé kókósẹ̀ nítorí bàbá rẹ̀.

Ó ku ohun kan. Ìwọ náà mọ̀ pé iná lọ kí fíìmù náà tó parí, tí gbogbo wa sì tú ká. N kò mọ̀ bóyá ọkùnrin onífìlà yẹn fún un lọ́mọ tàbí kò fún un. Dákun, padà lọ wò ó tán. Bí ó bá fún un, kọ̀wé sí mi kíá, kí ọkàn mi balẹ̀. Bí kò bá fún un, má sọ fún ẹnikẹ́ni títí Bùsírátù yóò fi wọ ilé rẹ.

Kí Ọlọ́run bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, kí ó dárí irọ́ yìí jì mí, kí ó sì sọ ọ́ di òótọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Táwà.