Igi Méje Tí Mo Gbìn Sójú Yín

Bàbá mi, olówó orí Màámi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti kọjú sí gábàsì nínú ilẹ̀ láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Ẹ kú ilé kò tọ̀nà, ẹ kú ìrìnàjò kò sì bá a mu. Ẹ bá mi mú èyí tó bá wù yín níbẹ̀.

Màámi ni wọ́n ní kí n wá bá yín. Ó di ọjọ́ karùn-ún lónìí tí àwa méjèèjì jọ wà nínú ilé kan náà tí wọn ò bá mi sọ ju ohun tó bá pọn dandan lọ. Bí mo bá kí wọn, wọ́n á dáhùn, torí ẹ̀sìn ní kí a máa dáhùn sálámà. Bí mo bá gbé oúnjẹ fún wọn, wọ́n á ní kí n gbé e sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á sì wọ́ ẹsẹ̀ lọ sí ilé ìdáná lọ tẹ ẹ̀bà tiwọn. Wọ́n ní títí n ó fi fẹnu ara mi sọ ohun kan fún yín, kò sí ọ̀rọ̀ láàárín wa. Mo ti lọ dúró lójú oórì yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnu mi kò ṣí. Kíkọ ló wá rọ̀ mí lọ́rùn, torí òun ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí. Kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti iṣẹ́ yìí. Mo mọ̀ pé ẹ kórìíra ẹni tó ń yí ọ̀rọ̀ po, ẹ ṣáà fara dà á.

Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìbàdàn ló gbà mí. Wọ́n máa ń gbé ìwé wọn sórí fóònù báyìí, àwọn tí kò ríran náà sì ń rà á, torí pé fóònù ń kà á sí wọn létí. Ṣùgbọ́n bí fóònù bá dé ibi àwòrán, odi ni. Kò lè sọ bóyá obìnrin ló wà níwájú ìwé náà àbí ẹṣin. Èmi ni mò ń bá a sọ ọ́. Wọ́n á fi àwòrán èèpo ìwé ránṣẹ́ sí mi, n ó wò ó dáadáa, n ó sì kọ ohun tí mo rí sílẹ̀ ní gbólóhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹni tí kò ríran lè mọ irú ìwé tí òun fẹ́ rà. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ tí mò ń ṣe fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ ni mo sọ di iṣẹ́ oṣù.

Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ. Lẹ́yìn tí àìsàn ojú yẹn gba ìmọ́lẹ̀ ojú yín kejì, tí mo fi yàrá tí mo háyà ní Ìbàdàn sílẹ̀ wá sí Òtù kí n lè máa mú yín lọ́wọ́ rìn, kò sí ọjọ́ tí ẹ kì í jókòó síta lẹ́yìn Alásárì, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ ọ̀tún, ààbọ̀ orógbó lọ́wọ́ òsì. Ẹ ó ní kí n máa sọ ohun tó ń kọjá. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti orí bọ́tìnnì aṣọ, ẹ ó dá mi dúró pé ta ló fẹ́ ra bọ́tìnnì, kí n kọ́kọ́ sọ bóyá èèyàn ni àbí ewúrẹ́. Ohun ńlá kó tó kan kékeré, ọ̀tún kó tó kan òsì. Bí Fúlàní oníwàrà bá ń kọjá, ẹ fẹ́ mọ bí igbá orí rẹ̀ ṣe kún tó. Bí mo bá ní ojú ọ̀run dúdú, ẹ ó bèèrè irú dúdú tó jẹ́. Mo máa ń kùn nígbà náà pé ẹ ń fi ìbéèrè pa mí. Ní báyìí tí ẹ ò bèèrè nǹkan kan mọ́, ilé yìí dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Mo rò pé iṣẹ́ yìí ni yóò dá mi padà sí Ìbàdàn. Òun gan-an ló wá so mí mọ́lẹ̀. Nígbà tó ti jẹ́ pé orí fóònù ni mo ti ń ṣe é, gbogbo mọ̀lẹ́bí ló ní kí ni mo tún ń wá lọ, ta ni yóò máa wo Màámi pẹ̀lú itan tó ń dùn wọ́n. Kò sì sí ibi tí nẹ́tíwọ̀kì ti ń wọlé dáadáa nínú ilé yìí àfi ẹnu fèrèsé ẹ̀yìn, èyí tó kọjú sí oórì yín. Ibẹ̀ ni tábìlì mi wà. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni mò ń sọ òótọ́ fún àjèjì tí n kò rí rí, tí sìmẹ́ńtì oórì yín sì wà níwájú mi, ẹ̀yin tí mo purọ́ fún fún odidi ọdún méjì. Adìẹ bà lókùn ni ọ̀rọ̀ mi, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Igi irú yín méjèèje tó wà lọ́nà Kòmú kò sí mọ́. Wọn ò sí mọ́ tipẹ́ kí ẹ tó kú.

Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ ní kí n lọ wò wọ́n, bóyá wọ́n ti yọ òdòdó. Mo gun ọ̀kadà lọ. Kí n tó débẹ̀ ni mo ti ń gbóòórùn èéfín. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọkùnrin yín kan ṣoṣo, ló dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń sun èédú. Wọ́n ti gé gbogbo rẹ̀ lulẹ̀, wọ́n ti kó igi jọ, wọ́n bu erùpẹ̀ bò ó, èéfín ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Ó ní katakata kò lè yí láàárín igi, pé òun fẹ́ fi gbogbo ilẹ̀ náà gbin àgbàdo, pé òun ó sọ fún yín nígbà tí àgbàdo bá ti dára. Lẹ́yìn náà ló dọ̀bálẹ̀ fún èmi àbúrò rẹ̀ nínú eérú. Ó ní tìtorí ẹ̀jẹ̀ ríru yín, bí ẹ bá gbọ́, ẹ ó kú, ọrùn òun ni yóò sì wà títí ayé.

Mo padà sílé. Ẹ ti jókòó síta. Ẹ ní aṣọ mi ń rùn èéfín, mo ní àwọn ọdẹ ló ń sun igbó. Ẹ wá bèèrè àwọn igi náà, ẹnu mi sì ṣí fúnra rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún bí ẹ ṣe kọ́ mi. Mo ní gbogbo wọn ti yọ òdòdó, pupa, roboto, wọ́n ń fì lẹ́nu ẹ̀ka, oyin ń kùn yí wọn ká. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ na ẹsẹ̀ yín gbọọrọ lórí ẹní. N kò tíì rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu yín láti ìgbà tí ojú yín ti lọ. Ká ní ẹ sunkún lọ́jọ́ náà ni, bóyá ǹ bá jẹ́wọ́. Ẹ̀rín yẹn ló dè mí mọ́lẹ̀.

Láti ìgbà náà, àkókò kan kò kọjá kí ẹ má bèèrè wọn. Nígbà tó yẹ kí wọ́n so, mo ní wọ́n ti so. Ẹ̀gbọ́n mi ń lọ ra èso irú ní Òkàkà, ó ń gbé e wálé fún Màámi bí ẹni pé orí igi wa ló ti ká a. Màámi kàn máa ń sọ pé hóró rẹ̀ ti kéré. Lẹ́yìn tí ẹ kú, wọ́n ní àwọn igi náà ń ṣọ̀fọ̀ yín ni. Mo wọ yàrá lọ lọ́jọ́ náà, mo ti ilẹ̀kùn, n kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún.

Èyí tó burú jù ni ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn yín. Ẹ pe àlùfáà, ẹ pe àwọn àgbà ilé, ẹ sì fẹnu ara yín pín àwọn igi náà. Méjì tó wà lẹ́bàá odò, ti Màámi, kí wọ́n lè máa fi ṣe irú wọn. Mẹ́rin àárín, ti ẹ̀gbọ́n mi. Ó dojú bolẹ̀, ó ń dúpẹ́, òógùn bò ó. Ẹ wá fi ọwọ́ wá ọwọ́ mi, ẹ ní èyí tó dá wà lápá òsì, tèmi ni, torí èmi ni mo jẹ́ ojú yín. Gbogbo èèyàn ní ẹ ṣeun, àlùfáà ṣe àdúrà sí i, èmi náà ṣe àmín.

Bàbá mi, ṣé ẹ mọ̀ ni? Ọjọ́ tí ẹ ní aṣọ mi ń rùn èéfín, ṣé ẹ gba ọ̀rọ̀ ọdẹ yẹn gbọ́ lóòótọ́? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àlejò kó tó yà sí àgbàlá. Bí ẹ kò bá mọ̀, a jẹ́ pé mo gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹni tí mò ń rẹ́ jẹ. Bí ẹ bá sì mọ̀, kí ni ẹ fún mi lọ́jọ́ náà? Mo ti yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò sí apá ibi tí n ó gbà jáde nínú rẹ̀.

Ǹ bá sì dákẹ́ títí, ká ní kì í ṣe ti èèpo ìwé kan. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fi àwòrán obìnrin kan ránṣẹ́ sí mi, ó jókòó nínú pápá, ó gbé apẹ̀rẹ̀ lé itan. Mo kọ ọ́ pé ó jókòó sábẹ́ igi ńlá kan. Ọ̀gá tó ń yẹ iṣẹ́ mi wò kò ríran, etí ló fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyàwó rẹ̀ ló ń kọjá lọ nígbà tí fóònù ń kà á, tó yọjú wo àwòrán náà, tó ní igi wo. Kò sí igi níbẹ̀. Orí kùkùté ni obìnrin náà jókòó sí. Bàbá, mo wo àwòrán yẹn dáadáa kí n tó kọ ọ́, mo sì fi Ọlọ́run búra pé igi ni ojú mi rí. Ó ti mọ́ mi lára. Ọ̀gá pè mí. Mo rò pé yóò lé mi lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n jẹ́ẹ́jẹ́ ló sọ̀rọ̀.

“Bí o bá bá mi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, mi ò ní mọ̀. Ìdí ẹ̀ rèé tó ò fi gbọdọ̀ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.”

Oórì yín ni mò ń wò.

Ọjọ́ kejì ni Màámi ní kí n bá àwọn pe ọlọ́kadà. Wọ́n ní àwọn ará àdúgbò ti ń ká irú, àwọn náà fẹ́ fi ojú ara wọn rí igi méjì tí ọkọ àwọn fún àwọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n sọ fún wọn pé àwọn darandaran ti ká gbogbo rẹ̀ tán. Irọ́ mìíràn nìyẹn, àti òmíràn lẹ́yìn rẹ̀, títí èmi náà yóò fi kú sínú ilé yìí. Lọ́jọ́ tí Màámi fẹ́ lọ, wọ́n ti fọ apẹ̀rẹ̀, wọ́n ti fi ọ̀já di itan wọn, ọlọ́kadà ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n kàn bi mí, láì ronú nǹkan kan, bóyá igi tiwọn so dáadáa. Òdòdó pupa ti wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì. Mo sọ fún wọn.

Wọ́n gun ọ̀kadà náà, wọ́n lọ. Kí wọ́n tó pe ìrun Ayìlá, wọ́n ti padà dé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ òfìfo, wọ́n jókòó sí ibi tí ẹ máa ń jókòó sí.

“Ta ló sọ fún bàbá ẹ?”

Mo ní kò sẹ́ni tó sọ fún wọn.

“Lọọ sọ fún wọn.”

Ohun tó gbé mi dé ibí nìyẹn. Lẹ́yìn Alásárì òní, Màámi yóò bá mi dé ojú oórì yín, n ó ka ìwé yìí sókè kí etí wọn lè gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti wá bẹ̀ mí ní àárọ̀ yìí pé kí n yọ òun kúrò nínú rẹ̀. N kò yọ ọ́, n kò sì yọ ara mi. N kò mọ̀ bóyá Màámi yóò jẹ oúnjẹ mi lálẹ́ òní, n kò sì mọ̀ bóyá ilé yìí yóò tú mi sílẹ̀ láé. Igi tí ẹ fún mi, n kò gbà á mọ́. Ojú tí ẹ sanwó fún ni n ó fi dípò. Mo padà lọ sí oko náà lánàá kí n má baà kọ ọ́ láti inú orí ara mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó dáadáa kí ẹ gbọ́.

Ilẹ̀ gbọọrọ kan ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Pòpórò àgbàdo èṣí ló bò ó, gbogbo rẹ̀ ti gbẹ, ó ti wó. Lápá ọ̀tún, lẹ́bàá odò tí omi rẹ̀ ti gbẹ, kùkùté méjì wà níbẹ̀ tí iná ti jó lórí. Mẹ́rin wà láàárín, ikán ti mọlé bo ọ̀kan nínú wọn. Lápá òsì, kùkùté kan dá wà, ó fẹ̀ tó èèyàn méjì jókòó. Ibi tí wọ́n ti sun èédú ṣì dúdú, koríko kò hù níbẹ̀. Ojú ọ̀run funfun, kò sí ṣíṣú òjò. Obìnrin kan dúró sí etí oko náà pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Kò sí igi kankan níbẹ̀, Bàbá mi.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó sì ń tọrọ àforíjì.