Ọkọ̀ Tí Bàbá Ní Ó Dákẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo nírètí pé ara yín le, pé ọkọ yín ń gbádùn, pé àwọn ọmọ ń fojú sí ẹ̀kọ́ wọn, àti pé orúnkún tó ń dà yín láàmú nígbà òtútù ti ń jẹ́ kí ẹ rí oorun sùn. Tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ nípa tiwa, a wà láàyè, a ń jẹun, a ń lọ síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n inú mi kò dùn, mi ò sì ní purọ́ fún yín pé ó dùn.

Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ apá kan. Ìyàwó mi ní ẹ bi òun pé kí ló dé tí èmi àti Bàbá kò fi bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́, òun sì dá yín lóhùn pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti kọjá bẹ́ẹ̀. Mo fi ẹnu mi sọ ohun kan sí bàbá wa lójú àwọn èèyàn, mi ò sì mọ bí màá ṣe kó o padà. Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi lẹ́yìn tí Màmá kú, nítorí náà ẹ̀yin ni màá kọ́kọ́ rò ó fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin kí ẹ tó bínú.

Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń ra ọkọ̀ nílé wa. Ẹni tó fẹ́ rà á kì í wọ̀ ọ́ kó tó sanwó, torí Bàbá ní ojú ẹni tó fẹ́ ra nǹkan máa ń di etí rẹ̀. Bàbá nìkan ló máa jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń tà á. Wọ́n á yí gíláàsì sókè, ẹnikẹ́ni kò ní sọ̀rọ̀, wọ́n á gbé e dé ojú títì márosẹ̀, Bàbá á di ojú, á máa gbọ́. Tó bá sọ̀ kalẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo ló máa sọ, ẹjọ́ sì parí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yan èyí tí ẹ kọ́kọ́ lò, tó lo ọdún mọ́kànlá lọ́wọ́ yín. Kì í ṣe lásán ni gbogbo mẹkáníìkì àdúgbò fi ń pè é ní Elétí-Ọfẹ.

Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ egungun ẹ̀yìn fún ìyàwó mi, dókítà ní kó máa wá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ìrìn wákàtí kan àti ààbọ̀ ni, ó sì ní kò gbọ́dọ̀ gbọ̀n jìgìjìgì lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ wa àtijọ́ ńkọ́? Bí ẹni pé inú odó la jókòó sí. Ariwo náà sì ti di ọ̀tá ìyàwó mi láti ìgbà tó ti kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ti tó fún orí rẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Mo lọ bá Bàbá, mo dúró níwájú rẹ̀, mo ní ohun méjì ni mo ń fẹ́ lára ọkọ̀: kó rọ̀, kó sì dákẹ́. Ó ní òun ti gbọ́.

Ọ̀dọ̀ ọmọṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ló mú mi lọ, èyí tí a ń pè ní Pẹ̀lẹ́-Pẹ̀lẹ́, tó ń ta ọkọ̀ àlòkù báyìí. Ọkọ̀ kan wà níbẹ̀ tó dàgbà ju ìgbéyàwó mi lọ, ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ ṣì ń dán. Àwọn méjèèjì wọ̀ ọ́ lọ, èmi dúró lẹ́nu géètì bí àṣà wa. Nígbà tí wọ́n dé, mo rí i pé Bàbá tó wọkọ̀ pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́. Mo rò pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wú. Ó wò mí, ó ní, “Ó dákẹ́.” Mo sanwó lójú ẹsẹ̀.

Nínú ìlú, kò sí wàhálà kankan. Ọjọ́bọ̀ dé, a bọ́ sójú títì márosẹ̀, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Táyà ẹ̀yìn ń hùn bí ẹni tí inú ń run, afẹ́fẹ́ ń súfèé gba etí ilẹ̀kùn wọlé, bí mo bá sì ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó ló ṣe ń ké tó. Ìyàwó mi fi gèlè di etí rẹ̀ méjèèjì. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí a bá sọ, igbe ni, igbe náà á sì di ìjà. Mo béèrè bóyá ó fẹ́ omi, ohùn mi jáde bíi ti ẹni tó ń lé ewúrẹ́, ó sì bi mí pé kí ni òun ṣe. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, ó fi orí ti ògiri, ó ní ẹ̀yìn kò ro òun rárá, orí òun ló fẹ́ là.

Ohun tó wá bí mi nínú jù ni pé òótọ́ ló sọ nípa ẹ̀yìn rẹ̀. Ọkọ̀ náà rọ̀ ju èyíkéyìí tí mo ti wọ̀ rí. Ihò tó ń mi ọkọ̀ akẹ́rù, tiwa á gorí rẹ̀ bí ẹni tẹ tìmùtìmù. Mo jókòó, mo fọwọ́ lérán, mo ń bi ara mi pé báwo ni ẹni tó mọ ìrọ̀rùn ọkọ̀ tó báyìí kò ṣe gbọ́ ariwo rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé akọ̀wé ilé ẹjọ́ ni mí. Ọdún méjìlélógún ni mo ti fi ń kọ ẹjọ́ àwọn tó lu ara wọn ní jìbìtì sílẹ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ fura.

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú láti pa ariwo náà fúnra mi. Mo ra fóòmù, mo ra kápẹ́ẹ̀tì, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ abẹ́ àga àti inú ilẹ̀kùn. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní páálí ẹyin máa ń gbé ariwo mì, ni mo bá kó páálí ẹyin kún ẹ̀yìn ọkọ̀ títí tí onílé wa fi bi mí bóyá mo ti ń sin adìyẹ. Ní Ọjọ́bọ̀ kejì, ariwo kò dín, òórùn gọ́ọ̀mù sì mú kí ìyàwó mi bì lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Mo já gbogbo rẹ̀ dànù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo lọ bá wọn. Bàbá jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú ìsọ̀ Pẹ̀lẹ́-Pẹ̀lẹ́, àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yí i ká. Mi ò kí ẹnikẹ́ni. Láti ẹnu géètì ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo ní, “Ẹ̀yin àti ọmọṣẹ́ yín lẹ jọ tà mí. Ẹ̀yìn ìyàwó mi lẹ fi ṣòwò.” Ẹ̀gbọ́n mi, mo sọ ọ́. Gbogbo wọn dorí kodò. Bàbá wo ẹnu mi, ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, “Ó dáa.” Ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ. “Ó dáa” yẹn bí mi nínú ju kó gbá mi létí lọ.

Pẹ̀lẹ́-Pẹ̀lẹ́ sáré tẹ̀ lé mi. Ó ní òun náà gbọ́ ariwo yẹn lọ́jọ́ tí àwọn gbé e jáde, òun tiẹ̀ ti fẹ́ sọ ọ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Bàbá ló ní ó dákẹ́. Ṣé èmi ni màá wá sọ fún ọ̀gá mi pé kò dákẹ́?” Ó ní òun rò pé Bàbá ní ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀, pé àgbà kì í sọ̀rọ̀ lásán. Mo pòṣé, mo wọkọ̀ mi. Ká ní mo fara balẹ̀ ro ohun tó sọ, gbogbo rẹ̀ ni ì bá ti yé mi lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá láìsí ìkíni láàrin èmi àti Bàbá. Nígbà tí táyà ẹ̀yìn wá ń kérora nínú ìlú pàápàá, mo gbé ọkọ̀ lọ sí ìsọ̀ Bàbá ní Ọjọ́rú tó kọjá, torí pẹ̀lú gbogbo ìbínú mi, kò sí mẹkáníìkì mìíràn tí mo lè fi ìyàwó mi lé lọ́wọ́. Mo gba ẹ̀yìn wọlé. Rédíò rẹ̀ kò sí lórí ilé iṣẹ́ kankan, ó kàn ń hó ṣàà, kò sì dà bí ẹni pé ó ń dí i lọ́wọ́. Ó tẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì kan tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ rántí sukudiráfà gígùn tó máa ń fi gbọ́ inú ẹ́ńjìnnì, tó máa ń fi ṣóńṣó rẹ̀ kan irin, tó máa ń fi ìdí rẹ̀ ti etí. Lọ́jọ́ yẹn, etí kọ́ ló fi tì. Eyín ló fi bù ú mú. Ó di ojú, sukudiráfà náà sì ń gbọ̀n láàrin eyín rẹ̀.

Mo pè é lẹ́ẹ̀kan, mo pè é lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń lẹ táyà lódìkejì ọ̀nà fi dá mi lóhùn. Bàbá wa kò yí padà. Mo wá mọ ìdí tó fi bọ́ bàtà lọ́jọ́ tó yan ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ló fi ń gbọ́ ọ. Kò ṣìnà nípa ìrọ̀rùn, torí ara ló ń mọ ìyẹn. Ariwo nìkan ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nígbà tó rí mi, ó yọ irin náà lẹ́nu bí ọmọdé tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò. Mo bi í nípa etí rẹ̀, ó ń wo ẹnu mi bí mo ṣe ń bi í. Ó ní, “Ti ọ̀tún ti lọ láti ọdún méjì. Ti òsì ń di ẹrù tirẹ̀.” Mo ní kí ló dé tí kò fi sọ fún wa. Ó nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, “Tí mo bá sọ fún yín, ta ló tún máa pè mí wá wo ọkọ̀?”

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá bi mí ní ìbéèrè tó mú kí n kọ lẹ́tà yìí. Ó ní òun rí i pé inú ń bí mi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yẹn, òun sì rí bí gbogbo wọn ṣe dorí kodò. Ó ní kí ni mo sọ gan-an.

Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún, kò gbọ́ ọ. Kí n tó lè bẹ̀ ẹ́, àfi kí n tún un sọ, kí n dúró sínú ìmọ́lẹ̀, kí n sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kó lè kà á ní ètè mi. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ láti máa ka ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́jọ́ padà fún wọn, mi ò lè ka tèmi. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ọ́ìlì dúdú tó wà nílẹ̀, mo ní kó dárí jì mí, pé ìbínú ni, pé mi ò rántí ohun tí mo sọ mọ́. Ó ní kí n dìde, kí n má ba ṣòkòtò mi jẹ́. Kò bi mí mọ́.

Láti ọjọ́ náà ló ti wà lọ́dọ̀ wa, tó ń tún ọkọ̀ náà ṣe. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ mọ̀ pé bẹ́árìn tí táyà ẹ̀yìn ń yí lé lórí ti jẹ, ó pààrọ̀ rẹ̀. Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ti gan bí igi, a tú òmíràn lára ọkọ̀ tó ti kú. Tí a bá gbé e jáde wò, á wò mí lójú pé ṣé ó ti dákẹ́. Mo ní ó ku díẹ̀, torí gíláàsì ẹ̀yìn ṣì ń súfèé lẹ́yìn tí a ti tú u lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀túnla ni Ọjọ́bọ̀. Inú ń bí mi sí gíláàsì yẹn. Inú ń bí mi sí Pẹ̀lẹ́-Pẹ̀lẹ́ tó gbọ́ tó sì panu mọ́, àti sí gbogbo wa tí a pè é ní Elétí-Ọfẹ títí tí kò fi lè sọ fún wa pé etí náà ń lọ. Ṣùgbọ́n ìbínú mi sí ara mi ló pọ̀ jù.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n sọ ọ́ fún un kó lè dárí ohun tó mọ̀ jì mí, àbí kí n gbé e mì, kí n máa wò ó lójú bẹ́ẹ̀? Kí Ọlọ́run fún yín ní àlàáfíà, kó fún orúnkún yín ní ìsinmi, kó má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ yín fi ẹnu ṣe ohun tí mo fi tèmi ṣe.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ tọ́, tí kò gbọ́ ẹ̀kọ́ tán.

Ọ̀rọ̀ tó kù: Bàbá ní òun náà fẹ́ kí yín, mo sì fún un ní bébà ọ̀tọ̀ kí n tó lọ ra àpòòwé. Nígbà tí mo dé, bébà tirẹ̀ ṣófo, tèmi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ojú ìwé rẹ̀, ó sì ti wọ awò. Ó ní kí n jókòó. Ó ní, “Ṣé ohun tí o sọ nìyí? Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wá a. Gbogbo èyí tí mo rò pé o sọ ló burú ju èyí lọ.”